Ilé Tí Dán-an-wò Kò Dán Wò

Obìnrin kan wà ní iléeṣẹ́ iná tí orúkọ ìnagijẹ ti gbé orúkọ àbísọ ẹ̀ mì. Dán-an-wò ni wọ́n ń pè é. Máníjà ń pè é bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń tún wáyà ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀, kódà ọkọ ẹ̀, bó bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nílé, Dán-an-wò náà ló máa ń pè é. Ibi tí orúkọ yẹn ti wá kò jìnnà. Bí ẹ bá gbé wáyà síwájú ẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tó ti já láti àárọ̀, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n ká sínú sítọ̀ọ̀ tí aláǹtakùn ti ta sí, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Dán an wò kí o tó fọwọ́ kàn án." Ẹ lè fi í rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò kàn án. Iná mọ̀nàmọ́ná kì í gbó, kì í rùn, ó sì lè pa èèyàn bó ṣe dákẹ́ jẹ́ẹ́ yẹn. Obìnrin náà ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ju ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ìyẹn fún lọ.

Ẹ wo bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó mu tíì nínú ọgbà iléeṣẹ́, òun á ti mú ìbọ̀wọ́ rọ́bà ẹ̀, á fẹ́ atẹ́gùn kún inú ẹ̀, á ká ẹnu ẹ̀ pọ̀, á wá gbé e sétí bí ẹni tó ń gbọ́ fóònù. Bó bá fi lè gbọ́ "ṣíì" báyìí, ìbọ̀wọ́ yẹn ti di èrò ààtàn. Lẹ́yìn náà ló máa kan àkàbà, á gbọ̀n ọ́n. Á kan okùn, á fà á. Á wá kan tẹ́sítà, ìyẹn ọ̀pá gígùn kan tó ní gílóòbù pupa kékeré lórí, tó máa ń han gooro bó bá ti fara kan wáyà tí iná wà nínú ẹ̀. Kíákíá, ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gun òpó, máa ń sọ pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀gbọ́n òun yìí àti ẹni tó lọ ra ẹ̀wà lọ́jà, tó ní àfi kóun ṣa gbogbo ẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ kóun tó sanwó.

Kíákíá fúnra ẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú o. Géńdé tó mọṣẹ́ ni, kí ẹ tó pajú dé ó ti wà lórí òpó. Ìyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọmọbìnrin jòjòló kan tí kò tíì mọ̀ ọ́n jókòó, kò sì sí ẹni tí kò tíì fi àwòrán ọmọ náà hàn nínú fóònù ẹ̀: àtaṣọ́bodè, àtonítíì, àtẹni tó wá fẹjọ́ sùn pé iná òun kò dọ́gba. Àléébù kan tó ní ò ju pé ó gbà pé bí òun bá ti fojú rí wáyà, òun ti mọ̀ bóyá ó kú tàbí ó wà láàyè.

Iléeṣẹ́ náà ní àwọn kan tí wọ́n ń pè ní ẹgbẹ́ ìjì. Kí àsìkò ìjì tó dé, àwọn ni wọ́n ń lọ káàkiri tí wọ́n ń gé ẹ̀ka igi kúrò lára wáyà, tí wọ́n ń wo òpó tó ti ń tẹ̀, tí wọ́n ń to òpó tuntun sílẹ̀ de ọjọ́ burúkú. Bí ìjì bá sì ti jà tán, àwọn ló máa kọ́kọ́ jáde. Bàbá Olórí ló ti ń darí wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Òun nìkan ló máa ń dé akoto pupa. Funfun ni ti àwọn tó kù. Bàbá Olórí fẹ́ fẹ̀yìn tì, Máníjà sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé Dán-an-wò ni kó darí ẹgbẹ́ nígbà tí ìjì tó ń bọ̀ bá jà. Bó bá kó wọn jáde, tó sì kó wọn wọlé láìsí àbùkù kankan, òun ló ni akoto pupa.

Ẹ̀yin èèyàn mi, nǹkan yìí wu obìnrin náà. Kì í ṣe wíwù ojú ayé. Ó wù ú débi pé lọ́jọ́ kan tí kò sẹ́nìkankan ní sítọ̀ọ̀, ó yọ́ wọlé, ó yọ akoto Bàbá Olórí lára ìṣó, ó dé e, ó sì ń wo ara ẹ̀ nínú dígí ọkọ̀ kan tó ti bà jẹ́. Akoto tóbi fún un, ó bọ́ sójú. Ó tì í sókè, ó tún wo ara ẹ̀, ó yí ọrùn sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Àfi ìgbà tí Bàbá Olórí wúkọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Bàbá Olórí mú agolo òróró tó wá mú, ó bá tiẹ̀ lọ.

Látọjọ́ náà ni Dán-an-wò ti gbájú mọ́ ìdánrawò. Lọ́jọ́ kan tí oòrùn ń ràn tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, ó ní kí wọ́n gbé ògbólógbòó òpó kan dùbúlẹ̀ sáàárín ọgbà, ó ní ìjì ti wó o, kí gbogbo èèyàn sáré. Wọ́n sáré, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kíákíá ló ní kó ṣe ẹni tí iná gbé. Wọ́n gbé e sórí pátákó tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ òjìji, wọ́n sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n máa padà wá wò ó, ẹni tí iná gbé ti ń hanrun. Inú bí Dán-an-wò. Ó ní báyìí gan-an lèèyàn ṣe ń kú, bí gbogbo ayé bá ń ṣeré. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ló bá ní ó dáa, kí wọ́n tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kóun lọ ààtàn lọ jẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ òun àtàwọn èèyàn ẹ̀ ṣe rí nìyẹn.

Kò fi mọ sínú ọgbà. Ó ń gba òpópónà dé òpópónà, ó ń fi gbohùngbohùn kọ́ àwọn onílé lẹ́kọ̀ọ́ nípa jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀kọ́ náà ò le. Bí ìjì bá mú iná lọ, tí ẹ sì fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ yọ fíùsì tó so ilé yín mọ́ wáyà ìta. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wáyà olórí méjì ni wọ́n ń lò: wọ́n á ki orí kan bọ jẹnẹrétọ̀, wọ́n á ki èkejì bọ ihò iná lára ògiri, gbogbo ilé á mọ́lẹ̀ yòò, inú wọn á dùn. Wọn ò mọ̀ pé iná yẹn kì í jókòó sínú ilé. Bí fíùsì bá wà níbẹ̀, ọ̀nà tí iná ìta ń gbà wọlé lòun náà máa gbà jáde, á tọ wáyà lọ, á lọ bá ẹni tó wà lórí òpó tó rò pé wáyà ti kú.

Ta ló ń bá a gbé gbohùngbohùn kiri? Ọkọ ẹ̀ ni. Onígbàjámọ̀ ni ọkọ ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ò jìnnà sílé, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó láàánú, tí ẹni tó bá jókòó síwájú ẹ̀ kì í fẹ́ dìde nítorí ìtàn. Ó gbé gbohùngbohùn lé èjìká, bí ìyàwó ẹ̀ bá sì ti sọ tiẹ̀ tán, òun á gbà á lẹ́nu ẹ̀, á ní kí wọ́n gbọ́ o, kí wọ́n yọ fíùsì o. Àwọn aládùúgbò ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́. Ta ni ò ní gbọ́, nígbà tí tọkọtaya bá gbé ọ̀rọ̀ kan náà wá sẹ́nu ọ̀nà ẹni lójoojúmọ́?

Ó wá ku ilé tiwọn. Ẹ jókòó dáadáa o, ibí yìí lọ̀rọ̀ wà. Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní ṣéńjófà, súìṣì ńlá kan tí wọ́n máa ń kàn mọ́ ògiri, tí kì í jẹ́ kí iná ìta àti iná jẹnẹrétọ̀ pàdé láé. Bí ọ̀kan bá wọlé, èkejì ti jáde. Ọkọ Dán-an-wò ti ra ọ̀kan, ó ti pẹ́. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà nínú páálí ẹ̀. Ọkùnrin náà fẹ́ pe oníṣẹ́ iná àdúgbò kó wá fi í sára ògiri, ìyàwó ẹ̀ fárígá. Ó ní ta ni? Ta ló máa wá fọwọ́ kan wáyà nínú ilé òun Dán-an-wò? Òun fúnra òun lòun máa ṣe é lọ́jọ́ ìsinmi. Ọjọ́ ìsinmi dé, wọ́n pè é síbi iṣẹ́. Òmíràn dé, aṣọ wà nílẹ̀ tó fẹ́ fọ̀. Òmíràn dé, ó sùn. Páálí ń bẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, eruku ń bò ó, obìnrin ń kọ́ gbogbo ìlú lẹ́kọ̀ọ́. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ẹ má rò pé mo ń bú u o. Ta ni ò ní páálí tiẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Kí wọ́n tó rí i ṣe, ó ti pàṣẹ fún ọkọ ẹ̀ pé wáyà gígùn kan ni kó máa fi fa iná gba ojú fèrèsé wọlé, kó má ki ohunkóhun bọ ara ògiri. Ọkọ ẹ̀ gbà, bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣe.

Ìjì dé lọ́sàn-án. Afẹ́fẹ́ kékeré kan kọ́kọ́ ń gbé ọ̀rá kiri, àwọn èèyàn ń ká aṣọ lórí okùn, wọ́n rò pé kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu, páànù ń fò bí ìwé, igi ń dá, pátákó tó wà lókè ilé epo lọ balẹ̀ sórí pápá àwọn ọmọléèwé. Iná lọ nílé gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Òjò ò bá ẹnìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí leji ń pa. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tí kò rí.

Nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́, ẹgbẹ́ ìjì ti wà lójú títì. Ẹ wá wo èrè ìdánrawò. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí àkàbà wà, kò sẹ́ni tó gbàgbé ayùn sílé, ọkọ̀ kún fún ohun tó yẹ kó wà nínú ẹ̀. Wọ́n gbé òpó dìde níhìn-ín, wọ́n so wáyà pọ̀ lọ́hùn-ún. Kíákíá fúnra ẹ̀ jẹ́wọ́ pé oorun tí òun sùn lórí pátákó lọ́jọ́ yẹn kò tilẹ̀ burú, òun ti mọ bí pátákó náà ṣe rí lára. Dán-an-wò ń rẹ́rìn-ín. Láàárín ẹ̀rín náà, ó ń rí akoto pupa lókèèrè.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí wọ́n dé òpópónà kan tí kò jìnnà sílé ẹ̀. Igi ńlá kan ti wó lé wáyà, ó sì fà á wálẹ̀ títí tó fi ń mì dirodiro lókè orí èèyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò já. Wọ́n fi ayùn gé igi kúrò. Ó ku kí Kíákíá gun òpó kó lọ tú wáyà náà sílẹ̀, kí wọ́n lè fà á le. Máníjà ò jẹ́ kí fóònù Dán-an-wò sinmi, ó fẹ́ mọ ibi tí wọ́n dé, ó ní ilé ìwòsàn ń pe òun, àwọn olómi ń pe òun. Àwọn ará òpópónà dúró, wọ́n ń kí wọn kú iṣẹ́, wọ́n sì ń kán wọn lójú nínú kíkí náà. Kíákíá gbé àkàbà ti òpó, ó fẹsẹ̀ kan lé e. Dán-an-wò di àkàbà mú.

"Dán an wò," ló wí.

Kíákíá mí kanlẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ìlú ni kò níná, àwọn fúnra àwọn làwọn pa á láti orísun kó tó di pé àwọn débí, ta ló wá fẹ́ fi iná sínú wáyà yìí? Ó ní ojú àwọn èèyàn wà lára àwọn. Obìnrin náà kò fi àkàbà sílẹ̀. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà gba tẹ́sítà bí ẹni tó kàn fẹ́ fi tẹ́ àgbà lọ́rùn, ó nà án sókè sára wáyà, kò tiẹ̀ wo ibẹ̀. Tẹ́sítà han gooro.

Gílóòbù pupa tó wà lórí ẹ̀ ń ṣẹ́jú. Àwọn tó ń kí wọn kú iṣẹ́ sún sẹ́yìn. Kíákíá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àkàbà, ó jókòó sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó mú fóònù ẹ̀ jáde, ó ń wo àwòrán ọmọ ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò fi han ẹnikẹ́ni. Dán-an-wò náà sún mọ́ ọn. Ẹ̀rù bà á gan-an ni. Ó fa orí ọmọkùnrin náà mọ́ ìtan ara ẹ̀, ó ń sọ fún un pé pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, àbúrò mi.

Nígbà tí ẹ̀rù lọ, ìbínú dé. Kíákíá ní ẹni tó tan jẹnẹrétọ̀ yẹn, bí òun bá rí i, wáyà yìí náà lòun máa fi so ó mọ́ òpó. Dán-an-wò ní kò burú, kí wọ́n kọ́kọ́ wá a rí ná. Ó pe Máníjà, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó wá kọjú sáwọn ará òpópónà, ó ní ta ló ń tan jẹnẹrétọ̀ láìyọ fíùsì? Ẹ ò ní gbà gbọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í na fíùsì sókè ni. Ẹnìkan yọ tiẹ̀ lápò, ìyá àgbà kan tú tiẹ̀ létí ìró, télọ̀ kan ti fi òwú so tiẹ̀ kọ́rùn kó má baà sọnù. Wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀, gbogbo wọn pátá. Inú ẹ̀ dùn débi pé díẹ̀ ló kù kó gbàgbé ìdí tó fi béèrè. Ohun tí kò tíì rò ni pé gbígbọ́ tí wọ́n gbọ́ yẹn ló jẹ́ kí iná jẹnẹrétọ̀ kékeré kan lágbára láti rìn jìnnà bẹ́ẹ̀, torí kò sí ilé kankan lójú ọ̀nà tó máa mu nínú ẹ̀.

Wọ́n ń tọ wáyà lọ láti òpó dé òpó, kálukú pẹ̀lú tẹ́sítà tiẹ̀ níwájú. Ní oríta, Kíákíá yà sápá kan, Dán-an-wò yà sápá kejì. Tẹ́sítà obìnrin náà ń han. Ó han lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń gẹrun, ó tún han níwájú ilé kan tí wọ́n kùn láwọ̀ ewé, ilé tó jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ló yan ọ̀dà náà. Ó gbójú sókè. Gílóòbù ìta ilé ẹ̀ ń tàn nínú oòrùn ọ̀sán.

Ọkọ ẹ̀ wà ní pálọ̀, ó ń fi àkísà nu ara fáànù, ó ń kọrin sábẹ́lẹ̀. Bó ṣe rí i, ó ní káàbọ̀ o, Ìyá àwọn ọmọ, wá gba atẹ́gùn. Obìnrin náà gba àárín ilé kọjá sẹ́yìn, ó pa jẹnẹrétọ̀, ó padà wọlé, ó yọ wáyà olórí méjì kan lára ògiri, ó sì gbé e dúró síwájú ọkọ ẹ̀. Àkísà bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó sáré lọ wo ibi fíùsì, ó padà wá, ó ká ọwọ́ lérí.

Ọ̀rọ̀ tú jáde lẹ́nu ẹ̀. Wáyà gígùn, ó ti fi yá aládùúgbò tí tiẹ̀ bá ìjì lọ. Èyí tí oníbàárà kan gbàgbé sí ṣọ́ọ̀bù ló lò, ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ní ti fíùsì, ó mọ̀ pé ó yẹ kóun yọ ọ́. Ó tiẹ̀ ti dé ìdí ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ti wà lára ẹ̀, ni wọ́n bá pè é síta pé páànù kan fẹ́ já lé ọmọ kan lórí. Nígbà tó padà dé, ó dá a lójú pé òun ti yọ ọ́.

"Mo ní kí iná pàdé ẹ nílé ni," ló ń wí. "Àná lo ti jáde. Mo ní kí o bá omi tútù."

Ohùn Kíákíá ń bọ̀ lókèèrè, ó ń béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn ibi tí ẹ̀gbọ́n òun gbà. Ọkọ ẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní iná ti kú báyìí, kò sẹ́ni tó rí i. Òun lè ti jẹnẹrétọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kí ìyàwó òun sọ pé wáyà náà ṣàdédé dákẹ́, ta ló máa mọ̀? Ó ní òun mọ bí akoto yẹn ṣe jẹ́ fún un. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni fóònù Dán-an-wò dún. Máníjà ni. Ó ní ṣé wọ́n ti rí i, ilé ta ni?

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, obìnrin náà ò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó wo wáyà tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wo ọkọ ẹ̀. Akoto pupa wá sí i lọ́kàn bó ṣe wà lára ìṣó, ọkàn ẹ̀ sì fà á tó bẹ́ẹ̀ tó fi dùn ún nínú àyà. Orí Kíákíá tó fa mọ́ ìtan lẹ́ẹ̀kan, òun náà wá sí i lọ́kàn.

"Ilé mi ni, ọ̀gá," ló wí. "Ilé èmi Dán-an-wò."

Máníjà pa fóònù. Ìgbà tí Dán-an-wò máa yíjú, Kíákíá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, tẹ́sítà lọ́wọ́. Ó wo bàbá onígbàjámọ̀, ó wo wáyà olórí méjì, ó wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Kò so ẹnikẹ́ni mọ́ òpó, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn yíjú padà, ó lọ bá iṣẹ́ ẹ̀. Ìyẹn dun Dán-an-wò ju èébú lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, iná ti dé òpópónà náà, àwọn èèyàn ń hó yèè, wọ́n ń ju fíùsì sókè bí ọmọdé.

Nígbà tí iná ti dé gbogbo ìlú tán, Máníjà kó wọn jọ sínú ọgbà. Akoto pupa wà lórí tábìlì. Ọkùnrin náà ń bínú, ó sì ń káàánú, ó ń ṣe méjèèjì pọ̀. Ó ní ẹni tó ń gbé gbohùngbohùn kiri ìlú, ilé ẹ̀ ni iná ti jáde. Báwo lòun á ṣe sọ ọ́ kó má di ẹ̀rín? Dán-an-wò dìde. Kò wí àwíjàre. Ó sọ ọ̀rọ̀ páálí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sọ bí òun ò ṣe jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án, ó sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí òun sùn. Ó ní ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde, òun ò kó nǹkan kan láti ilé. Ó ní òun máa tún gbé gbohùngbohùn, òun máa lọ láti òpópónà dé òpópónà sọ fún wọn pé ilé òun ni, kí wọ́n lè mọ̀ pé kò sí ilé tí kò lè ṣẹlẹ̀ sí. Ó ní kí wọ́n gbé akoto fún ẹlòmíràn, ó sì jókòó. Ojú ẹ̀ ti pọ́n.

Bàbá Olórí ń fi ìka ha àgbọ̀n. Nígbà tó yá, Kíákíá dìde.

"Ọ̀gá, iná ilé ẹ̀gbọ́n mi ló fẹ́ pa mí, òótọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi náà ló di àkàbà mú tí mi ò fi kú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó ń dá yín lóhùn. Jẹnẹrétọ̀ ti kú, èmi ò tíì rí nǹkan kan, ó lè purọ́ fún yín kó mú un jẹ. Ẹni tó lè fẹjọ́ ara ẹ̀ sùn ni mo fẹ́ kó wà nídìí àkàbà mi."

Ó jókòó. Máníjà wo Bàbá Olórí, Bàbá Olórí mi orí pé ó gbà. Máníjà wá dájọ́: akoto náà ò ní gorí ẹnikẹ́ni àfi bí ṣéńjófà yẹn bá ti wà lára ògiri, Dán-an-wò ò sì gbọdọ̀ fi ìka kàn án. Kíákíá ni kó lọ fi í sí i. Nígbà tó bá tẹ́ Kíákíá lọ́rùn, kí Kíákíá fúnra ẹ̀ gbé akoto fún un.

Bí Dán-an-wò ṣe di àlejò nínú pálọ̀ ara ẹ̀ nìyẹn. Wọ́n fi í jókòó sórí àga, ó ká ọwọ́ pọ̀, ó ń wo ẹlòmíràn tó ń já wáyà nínú ilé ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń jẹ ẹ́ lára bí èèsún. Kò lè fọwọ́ ṣe é, ló bá ń fẹnu ṣe é. Ó ní ìṣó yẹn ti kúrú jù. Ó ní kó wo ẹ̀yìn ẹ̀. Kíákíá ní, ẹ̀gbọ́n, ẹ dákẹ́ o. Ọkọ ẹ̀ gbé omi tútù wá, ó ń rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó wọlé àna.

Kíákíá yọ fíùsì, ó fi í sápò ara ẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn, ó rí i pé jẹnẹrétọ̀ kú. Ó padà wá síwájú wáyà ara ògiri, ó na ọwọ́, ọwọ́ náà dúró lójú ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú tẹ́sítà kékeré nínú àpò irinṣẹ́, ó fi kan wáyà. Kò dún. Ó gbé e lọ síbi tó mọ̀ pé iná wà, ìyẹn wáyà ìta tó wọ ibi fíùsì, kó lè mọ̀ pé tẹ́sítà ò kú, ó dún. Ó gbé e padà sára wáyà, ó tún fi kàn án. Gbogbo rẹ̀ ni obìnrin náà ń wò láti orí àga.

"Ṣebí ìwọ náà lo yọ fíùsì yẹn," ló wí. "Ṣebí ó wà lápò ẹ."

"Ó wà lápò mi, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ilé tó wà nílùú yìí, èyí nìkan ni mi ò ní fọkàn tán láéláé."

Ọkọ ẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Dán-an-wò náà rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú ẹ̀, omi náà ò sì dúró nígbà tí ẹ̀rín tán. Kíákíá ṣe bí ẹni tí kò rí i, ó ń de ìṣó.

Nígbà tó parí, bàbá onígbàjámọ̀ na ọwọ́ sí súìṣì tuntun. Kíákíá gbá ọwọ́ ẹ̀ mú. Ó fa tẹ́sítà lé Dán-an-wò lọ́wọ́, ó ní òun ti ṣe tòun, kí ẹ̀gbọ́n òun wá wò ó. Obìnrin náà dìde, ó wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò rí ohun tó máa bá wí, ó sì dùn ún díẹ̀. Kíákíá wá bẹ̀rẹ̀ síbi àpò irinṣẹ́ ẹ̀, ó gbé akoto pupa jáde. Ó ti fi rọ́bà kékeré kan fún okùn inú ẹ̀ pọ̀, ojú ibi tó ti gé rọ́bà náà ṣì tuntun.

"Bàbá Olórí ló ní kí n fún okùn ẹ̀ pọ̀," ló wí. "Ó ní ó máa ń bọ́ yín sójú."